Ìwọ̀n Irin Kọ́ Ni Iye Ọkọ̀ Àtijọ́

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní agbègbè wa, ní Ìbàfò, ní Mowe, títí dé Ìfọ̀, ni wọ́n ń fi àkísà àgbà ta ẹni tí kò mọ iyì rẹ̀ lọ́rẹ. Àkísà tí mo ń wí kì í ṣe aṣọ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ ni: Píjò 504 tí ó wà lábẹ́ igi máńgòrò, Volkswagen Ìjàpá tí koríko ti bo táyà rẹ̀, Morris Minor tí adìẹ ń yé ẹyin sí inú rẹ̀. Bàbá ti kú, tàbí ó ti darúgbó tí kò lè wa ọkọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ń wá àyè tí wọn yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Ẹni tí ń ra irin àlòkù sì ń kọjá lọ pẹ̀lú ọmọlanke rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti fi òòlù àti àáké wó ọkọ̀ náà, wọ́n sì ti kó o lọ síbi tí a ti ń yọ́ irin.

Èmi kò bá ẹni tí ń ra irin jà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ń ṣe, òṣùwọ̀n rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Àwa tí a ni ọkọ̀ ni mo ń bá wí, pẹ̀lú àwa tí ìlú ń pè ní ọ̀mọ̀wé, tí a dúró tí a ń wòran. A ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé. A ń kọ́ wọn bí a ṣe ń wọn ilẹ̀ àti bí a ṣe ń ka èrè lórí owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan ohun ìní tí bàbá wọn fi òógùn ojú rà, a ń jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá yà sí ẹnu ọ̀nà dá iye lé e.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nìyí: ọkọ̀ àtijọ́ ní iye mẹ́ta, èyí ni iye ìwúlò, iye ọjà àti iye ìrántí. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọ̀kan kò lè wọn èkejì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì pe iye kan láì tíì yẹ ọkọ̀ náà wò, kò sọ òtítọ́, ìbáà ṣe pé ó pè é ní kékeré tàbí pé ó pè é ní ńlá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pe àwọn adájọ́ èké mẹ́ta jáde, tí wọ́n ń dá ẹjọ́ yìí lójoojúmọ́ láàárín wa.

Adájọ́ kìíní ni ẹni tí ń fi ìwọ̀n irin dá ẹjọ́. Volkswagen Ìjàpá wọn nǹkan bí 800 kìlógíráàmù. Píjò 504 wọn nǹkan bí 1,200. Lójú adájọ́ yìí, Píjò gbọ́dọ̀ níye lórí ju Ìjàpá lọ ní gbogbo ìgbà, gwóngworò sì gbọ́dọ̀ níye lórí ju àwọn méjèèjì lọ. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti fọ́, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ pé àti èyí tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín, ọ̀kan náà ni wọ́n pẹ̀lú. Òṣùwọ̀n tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òkú àti alààyè! Ó tọ́ kí a lò ó nígbà tí ohunkóhun kò bá kù lára ọkọ̀ mọ́ bí kò ṣe irin, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìdí èyí múlẹ̀ kí a tó gbé ọkọ̀ lé e.

Adájọ́ kejì ni ẹni tí ó ka ohun titun sí ohun rere, tí ó sì ka ohun ogbó sí ìdọ̀tí. Tòkunbọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté ni ojú rẹ̀ ń wò. A máa bi wá pé, “Ọkọ̀ tí ó ti lo ogójì ọdún, kí ni ó tún kù nínú rẹ̀?” Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé iye ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ń wálẹ̀ lọ́dọọdún láti ọjọ́ tí a ti rà wọ́n. Ṣùgbọ́n fún àwọn ọkọ̀ díẹ̀, ìwálẹ̀ yìí ní òpin. Bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń tán lọ, tí ojú kò sì sábà rí irú wọn mọ́, àwọn tí wọ́n gun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kékeré a bẹ̀rẹ̀ sí wá a kiri, iye rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùtọ́jú ọkọ̀ àtijọ́, tí a ń pè ní FIVA, tí a dá sílẹ̀ ní 1966, fi 30 ọdún ṣe ààlà: ọkọ̀ tí kò bá tíì pé ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ọkọ̀ ìtàn lójú wọn. Síbẹ̀ wọn kò fi ọjọ́ orí nìkan dá ẹjọ́. Wọ́n ń béèrè pé kí ọkọ̀ náà wà bí àwọn tí ó ṣe é ti ṣe é, kí a máa tọ́jú rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ ọkọ̀ tí a fi ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó wí pé ọkọ̀ òun níye lórí kìkì nítorí pé ó ti gbó kò yé wa ju ẹni tí ó wí pé kò níye lórí kìkì nítorí pé ó ti gbó lọ.

Adájọ́ kẹta ni ó léwu jù, nítorí pé ó dà bí ẹni tí ó mọ̀wé. Ó ti gbọ́ pé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ní ìlú Stuttgart ní Jámánì, a ta Mercedes-Benz 300 SLR kan ní 135,000,000 owó yúrò. Lójú ẹsẹ̀ ó sáré lọ síbi Ìjàpá bàbá rẹ̀, ó nu eruku ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pe owó tí ó tó ra ilé mẹ́ta ní Mowe. Kò béèrè ìdí. Méjì péré ni a ṣe nínú irú ọkọ̀ Stuttgart náà ní 1955, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n ni méjèèjì sì wà títí di ọjọ́ tí a ta ọ̀kan. Ṣùgbọ́n Ìjàpá tí a ṣe káàkiri ayé, kí a tó ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní ìlú Puebla ní Mẹ́síkò ní oṣù Keje ọdún 2003, jẹ́ 21,529,464. Píjò 504 pẹ̀lú lé ní 3,000,000. Báwo ni a ó ṣe fi ọ̀kan nínú méjì díwọ̀n ọ̀kan nínú ogún mílíọ̀nù? Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò jókòó ti ọkọ̀ rẹ̀ títí òjò yóò fi jẹ ẹ́ tán, kò sì ní rí ẹni tí yóò rà á. Níkẹyìn, adájọ́ kìíní náà ni yóò wá kó o. Ó sì yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ sọ fún àwọn ọmọ pé owó tí a rí lórí ọkọ̀ Stuttgart náà ni a yà sọ́tọ̀ láti fi ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́ àti ìwádìí.

Bí a bá ti lé àwọn adájọ́ mẹ́ta wọ̀nyí kúrò lórí ìjókòó, ó kù kí a mọ ẹni tí a ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ìtàn àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní ilẹ̀ wa kò gùn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ sí wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní Òjó, ní ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀. Àkókò náà ni owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí olùkọ́ tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ lọ rí bẹ̀rẹ̀ sí lálàá ọkọ̀. Ní 1978 a ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí ó gba Ìbàfò àti Mowe kọjá. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tí ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn a gba Ìfọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, tàbí kí ó gba Ìkòròdú lọ sí Ṣágámù. Nítorí náà, bọ̀lẹ̀kájà àti Morris ni ọ̀nà Ìfọ̀ kọ́kọ́ mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà márosẹ̀ tiwa àti Píjò 504 jọ dàgbà pọ̀ ni.

Píjò yìí kì í ṣe ọkọ̀ yẹpẹrẹ. Ní 1969 àwọn onídàájọ́ ní Yúróòpù yàn án ní ọkọ̀ ọdún náà. Ní 1975 àti ní 1978 ó gba ipò kìíní nínú eré ìje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, eré tí a ń sá lórí ilẹ̀ pupa, nínú ẹrẹ̀ àti àpáta. Ìdí nìyí tí ó fi bá ọ̀nà wa mu: ó ga nílẹ̀, irin rẹ̀ le, àìsàn rẹ̀ kò sì ṣòro fún mẹkáníìkì láti mọ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, tí a jẹ́ kí iye náírà máa wálẹ̀ lójú owó òkèèrè, àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ tí a ń kó wá láti òkè òkun wọ́n gógó. Ọkọ̀ titun kọjá agbára olùkọ́ àti akọ̀wé, tòkunbọ̀ sì gba ọ̀nà. Ní nǹkan bí ọdún 1990 iṣẹ́ Ìjàpá ní Òjó ti dópin.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò dáadáa. Ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ igi máńgòrò nì lè jẹ́ ọkọ̀ titun kan ṣoṣo tí ìdílé náà rà láti ọjọ́ tí a ti dá wọn sílẹ̀. Gbogbo èyí tí wọ́n rà lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó ti lò ó gbó kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Ṣé irú ohun bẹ́ẹ̀ ni a ó gbé lé òṣùwọ̀n onírin láì bi í ní ìbéèrè kan?

Ìbéèrè márùn-ún ni mo fi lélẹ̀. Kò sí èyí tí ọmọ ilé-ìwé tí ó gbọ́n kò lè bá bàbá tàbí ìyá rẹ̀ béèrè.

Èkínní: ta ni ọkọ̀ yìí? Ọkọ̀ ní orúkọ, a sì kọ orúkọ náà sí ara irin rẹ̀. Ti Ìjàpá wà lórí irin tí ó yọ sókè láàárín ilẹ̀ ọkọ̀, lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sì wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá bá èyí tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀ mu, a ti rí ohun pàtàkì kan. Bí wọn kò bá bá a mu, ẹ́ńjìnnì mìíràn ni a ti gbé sí i, tàbí ìwé ọkọ̀ mìíràn ni a fi ń bò ó. Ẹ wo ibi tí sitíárìn wà pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá fi Ìjàpá tí sitíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún hàn yín, tí ó sì búra pé Òjó ni a ti tò ó, ẹ rántí pé 1975 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Òjó, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí a ti yí ìlànà ọ̀nà padà. Ó ṣe é ṣe kí ọkọ̀ náà dàgbà ju bí ó ti wí lọ, ó sì lè jẹ́ pé kò mọ ohun tí ó ń tà.

Èkejì: ṣé irin ni ara rẹ̀, tàbí ọ̀dà? Ọ̀tá ọkọ̀ àtijọ́ ni ìpẹtà. Ẹ́ńjìnnì tí ó kú ṣe é tún ṣe. Irin tí ó ti jẹrà kò ní oògùn bí kò ṣe kí a gé e kúrò, kí a sì jó irin mìíràn mọ́ ọn. Ẹ mú òòfà kékeré, irú èyí tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kí ó má bàa ha ọ̀dà, kí ẹ sì máa fi í kan ara ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Níbi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì tí àwọn apẹ́ńtì fi ń dí ihò ni ó wà níbẹ̀. Nínú Ìjàpá, ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè lápá ọ̀tún, nítorí ibẹ̀ ni bátìrì ń jókòó sí, omi kíkan inú rẹ̀ a sì máa jẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ béèrè ibi tí ọkọ̀ náà ti ń sùn láti ọdún wọ̀nyí wá. Èyí tí ó dàgbà ní Kàdúná tàbí ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí afẹ́fẹ́ gbẹ, sábà máa ń le ju èyí tí ó sùn lẹ́bàá ọ̀sà Èkó lọ. Ilẹ̀ Ìbàfò tiwa yìí pẹ̀lú jẹ́ ilẹ̀ ọ̀rinrin. Ọkọ̀ tí a gbé kalẹ̀ sórí ẹrẹ̀ láì fi òkúta gbé e sókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ṣé ó pé? Àwọn ènìyàn rò pé ẹ́ńjìnnì ni ohun tí ó ṣòro jù láti rí. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Lọ́pọ̀ ìgbà, gíláàsì iná, ọwọ́ tí a fi ń yí fèrèsé, àmì orúkọ tí ó wà níwájú ọkọ̀, àti aago ojú rẹ̀ ni yóò gba oṣù púpọ̀ kí ẹni tí ń wá wọn ní Ládípọ̀ ní Mushin tó rí wọn. Ẹ sì kíyè sí ibi tí àwọn iye mẹ́ta náà ti ń bá ara wọn jà. Bí a bá yọ ẹ́ńjìnnì Píjò, tí a fi ti Toyota rọ́pò rẹ̀, iye ìwúlò ọkọ̀ náà lè gòkè, nítorí pé páàtì yóò rọrùn láti rí. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ń wá ọkọ̀ àtijọ́, iye rẹ̀ ti já wálẹ̀. Àwọn méjèèjì tọ̀nà. Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n ń lò.

Ẹ̀kẹrin: èló ni yóò ná wa kí ó tó dìde? Níbí ni ìṣirò ilé-ìwé ti wúlò. Ẹ jẹ́ kí n fi owó àbá ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe iye ọjà ni mo ń pè. Ká ní irú ọkọ̀ náà, bí ara rẹ̀ bá dá tí ó sì ń rìn, ń tà ní 5,000,000 náírà. Ká ní iṣẹ́ irin yóò gba 1,500,000, ẹ́ńjìnnì 1,200,000, ọ̀dà 800,000, àga àti àwọ̀ inú rẹ̀ 600,000, táyà 400,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,500,000. Ohun tí ó kù jẹ́ 500,000, èyí ni iye tí ó ga jù tí ọlọ́gbọ́n lè san fún ọkọ̀ náà bí ó ti wà lábẹ́ igi. Bí onírin bá fẹ́ san ìdajì èyí, ó ń rẹ́ olówó ọkọ̀ jẹ. Bí olówó ọkọ̀ bá ń béèrè 3,000,000, àlá ni ó ń lá. Bí àtúnṣe bá sì ju 5,000,000 lọ ńkọ́? Nígbà náà, ọkọ̀ náà kò ní iye ọjà mọ́ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé irin lásán ni. A ó fara balẹ̀ tú u: gíláàsì, iná, jíà, ilẹ̀kùn, kí a tà wọ́n fún àwọn tí ń tọ́jú irú rẹ̀ kí tiwọn lè yè. Lẹ́yìn náà ni a ó pe onírin kí ó wá kó ìyókù.

Ẹ̀karùn-ún: kí ni ó fojú rí? Mo fi èyí sí ìkẹyìn nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń purọ́ jù, síbẹ̀ ibẹ̀ náà ni òtítọ́ tí ó tóbi jù wà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, a yìnbọn pa olórí ìjọba Nàìjíríà, Ọ̀gágun Murtala Mohammed, nínú ọkọ̀ Mercedes-Benz rẹ̀ láàárín sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Èkó. Ọmọ ogun tí ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Akintunde Akinsehinwa, kú pẹ̀lú rẹ̀. A gbé ọkọ̀ náà lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkán, a sì pa á mọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ihò ọta lára rẹ̀. Ẹ pe àwọn adájọ́ wa wá síwájú rẹ̀. Ẹni ìkínní yóò wọn irin rẹ̀. Ẹni ìkejì yóò wí pé ọkọ̀ ogbó tí ó lu jálẹ̀ ni. Ẹ wá jẹ́ kí a gbé e lọ fún ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ọkọ̀ kan, kí ó dí gbogbo ihò náà, kí ó kùn ún, kí ó sì máa dán. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí ó dára jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà gan-an ni iye ọkọ̀ náà parẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kùn ọkọ̀ àtijọ́ ní ọ̀dà titun nítorí àtità kí ó tó mọ ibi tí iye rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀dà àtijọ́ tí ó ti ṣá, tí ó sì jẹ́ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, dára lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ju ọ̀dà àná lọ.

Ọkọ̀ bàbá wa kì í ṣe ọkọ̀ olórí ìjọba. Bí ó bá gbé ọmọ ilé-ìwé lọ síbi ìdánwò, tí ó gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru, iye ìrántí ni èyí, ìdílé ni ó sì ni ín. Mo bẹ ẹni tí ń tà: kí ó má ṣe ka á mọ́ iye ọjà, nítorí pé ẹni tí ń rà kì í san owó omijé ẹni tí ń tà. Ohun tí ọjà lè san owó fún ni ẹ̀rí: ìwé tí a fi rà á, rìsíìtì àtúnṣe, àwòrán ọjọ́ tí ó dé ilé. Ìwé tí a fi sínú àpótí lè fi kún iye ọkọ̀ ju ìtàn tí a fi ẹnu sọ lọ.

Èmi mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò wí pé ebi ń pa wá, ìrántí kò sì ṣe é jẹ. Mo dáhùn pé nítorí pé ebi ń pa wá ni kò fi yẹ kí a ta ohun tí ó tó owó mẹ́wàá ní owó méjì. Ẹni tí ó ní púpọ̀ lè pàdánù. Opó tí ọkọ̀ náà jẹ́ gbogbo ogún rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn yóò tún wí pé ejò ń gbé lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ sì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbà pé kí a tà á. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí a tà á ní ọjọ́ kan náà tí a kọ́kọ́ bi wá.

Àwọn ẹlòmíràn, tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ jù, yóò wí pé kò sí ọkọ̀ òde òní tí ó tó Píjò. Mo kọ ti àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú. Iye ìwúlò ní òtítọ́ tirẹ̀. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti gbó, tí kò sì ní bẹ́líìtì ààbò, kò yẹ kí ó wà láàárín tírélà ní ọ̀nà márosẹ̀, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Kí a fi ìfẹ́ tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ẹ̀mí ọmọ ènìyàn dán an wò.

Ohun kan wà tí ó ń bá àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí lọ síbi iná, tí a kì í rí. Ìmọ̀ ni. Àgbà mẹkáníìkì tí ó lè gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kí ó sì mọ̀ pé kabúrẹ́tọ̀ ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, etí àti ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi kọ́ ọ. Ọkọ̀ ìsinsìnyí ń béèrè kọ̀ǹpútà kí a tó mọ àìsàn rẹ̀; ìyẹn náà jẹ́ ìmọ̀, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì tú ẹ́ńjìnnì tí ojú lè rí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ rí, yóò ṣòro fún un láti mọ ìdí ohun tí kọ̀ǹpútà ń wí fún un. Nígbà tí a bá yọ́ Ìjàpá tí ó kẹ́yìn ní Ìbàfò tán, kí ni àgbà náà yóò fi kọ́ ọmọ?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ yìí já lé wa lọ́wọ́. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ olówó ọkọ̀ àtijọ́ kan ní ìlú yín, kí ẹ sì kó kíláàsì yín lọ wò ó. Kí àwọn ọmọ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fi òòfà wá ibi tí irin kò sí, kí wọ́n ka ohun tí ó kù àti ohun tí ó sọnù, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì èló ni àtúnṣe yóò jẹ́, kí wọ́n sì ṣírò rẹ̀. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá tí ó ni ín bí ó ṣe rà á àti ibi tí ó wà á dé. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, nígbà tí onírin bá dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún àwọn òbí yín pé kí wọ́n dúró títí wọn yóò fi gbọ́ iye lẹ́nu ènìyàn mẹ́ta: onírin kan, mẹkáníìkì kan tí ó mọ irú ọkọ̀ náà, àti ẹnìkan tí ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wí pé irin ni, kí ó lọ bí irin, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Bí ọmọ ẹni tí ń ta igi ìdáná bá mọ̀ pé èèpo lásán yẹ ní títọ́jú, kò yẹ kí ọmọ ẹni tí ó ra ọkọ̀ pẹ̀lú owó oṣù olùkọ́ fi í sílẹ̀ láì mọ ohun tí ó fi sílẹ̀.